Ta Ló Ni Igi Ẹsẹ̀ Yìí?

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Ọwọ́ tó ba ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ ò ní kan ti àbúrò! Mo ní kí o fi í sílẹ̀, ìyàwó, kí n tó fi igbe pe gbogbo àdúgbò wá wò ọ́!"

Àdúgbò wo ló tún fẹ́ pè? Gbogbo wọn ti ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló ń sọ̀rọ̀, àkọ́bí ilé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Àǹtí lójú, tí wọ́n sì ń pè ní Fèrè lẹ́yìn. Bí Fèrè bá húkọ́ nínú yàrá, ajá tó wà ní òpópónà kẹta á dìde, á gbọn ìdí, á máa wo ọ̀tún wo òsì pé ta ló ń pe òun. Bó bá wá bínú, ẹ̀yin èèyàn mi, páànù orí ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣó tí yóò dì mú!

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù bàtà àbúrò rẹ̀. Ó ti já ọmọ ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ ń ké. Ìyá ọmọ nawọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ọmú ló fẹ́."

"Kó fẹ́ ẹ títí! Ebi ò lè pa ọmọ bí ọwọ́ ìyá burúkú ṣe lè pa á! Wo Ẹtu nílẹ̀ níbẹ̀! Ọmọ tó ń sáré bí ọta ìbọn, wò ó bí o ṣe sọ ọ́ di ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri!"

Ẹtu wà lórí ẹní lábẹ́ fèrèsé, ọmọ ọdún méje tó ga, tó tín-ín-rín. Ó dùbúlẹ̀ o, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì na ìka síwájú gbọnrangandan, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń nàgà wo ohun tí wọ́n fi pamọ́ sórí àjà. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó yí ojú sí ibi tí ohùn ti wá, ṣùgbọ́n ojú náà ò dé ibi tó ń lọ.

Ọkọ ńkọ́? Ọkọ wà níbẹ̀. Ó dorí kodò, ó ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà kan tó ti gba ìṣó yó.

"Baba Ẹtu," ìyàwó ní, "ẹ ò ní sọ̀rọ̀?"

"Jẹ́ kí Àǹtí gbé e lọ fún ìgbà díẹ̀." Kò gbé ojú sókè. "Kí ara lè balẹ̀."

"Ara ta ni?"

Kò! kò! kò! Ìṣó ló ń dáhùn. Fèrè so ọ̀já, ó pòṣé tó gùn ju ọ̀nà ọjà lọ, ó sì bọ́ síta pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn.

Aláìláàánú! Kò mọ̀ pé ohun tí yóò tú òun láṣìírí so rọ̀ lórí ìṣó lẹ́yìn awọ gbígbẹ lókè orí òun gan-an, ní gbogbo ìgbà tó fi ń pariwo. Bó bá gbójú sókè, kó sì ká awọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ ìbá pa dé bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tì. Ṣùgbọ́n aláriwo, ìgbà wo ló ń rójú wòkè?

Baba àgbà tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, bàbá Fèrè àti bàbá ọkọ yìí, kò mọ ìwé kankan, àmọ́ kò sí ẹsẹ̀ tí kò lè kà. Kò sẹ́ni tó wà nínú ẹbí rẹ̀ tí kò gbẹ́ igi ẹsẹ̀ fún, ìyẹn igi tó ṣe rẹ́gí bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún, tí wọ́n á fi awọ wé tí wọ́n bá fẹ́ rán bàtà rẹ̀. Gbogbo wọn ló so kọ́ sára ògiri. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá yí padà, bóyá ó wú, bóyá eegun rẹ̀ yọ, baba àgbà á gé awọ pélébé, á kàn án mọ́ ibi tó yí padà lára igi. Lábẹ́ gìgísẹ̀, á fi irin gbígbóná jó àmì òbí sí i: ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin bá bí, oòrùn, ọmọ tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá bí, ìràwọ̀. Ìyàwó tó bá wọlé, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ẹbí, wọ́n á gbẹ́ tirẹ̀ kọ́ ògiri. Ọjọ́ náà ló tó di ọmọ ilé.

Ọjọ́ tí wọ́n wọn ti ìyàwó yìí, baba àgbà wo bó ṣe tín-ín-rín, ó wo awọ tó rán tí ojú okùn ò hàn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́ ni mo gbà sílé!" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kí baba tó kú, ó fa àga ìdí fèrèsé, àga ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Abẹ́rẹ́ jókòó. Fèrè, àkọ́bí, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ti di ìkòkò tó ń hó láìsí iná nídìí.

Ẹtu ló kọ́kọ́ mú ìbànújẹ́ wá, ọmọ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Wọn ò ṣàdédé fi ẹranko orí pápá pè é. Ọmọ yìí ń sáré débi pé òjìji rẹ̀ máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù, kó dúró de òun! Bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, kí ẹni tó rán an tó pa ẹnu dé, iyọ̀ ti dé. Nígbà tó yá, bàtà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní ṣóńṣó. Wọ́n á rán tuntun fún un, ìka ẹsẹ̀ á tún ti yọjú síta kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ tán.

"Ìwọ ọmọ ṣúmẹ́kà!" Bàbá rẹ̀ yọ bẹ́líìtì. "Ṣé o fẹ́ kí ayé sọ pé n kò mọ iṣẹ́ ni? Eku ni ọ́? Ṣé o ń jẹ bàtà ni?"

"Bàbá, èmi kọ́! Ẹsẹ̀ mi ni!"

Ó nà án. Ó nà án dáadáa. Ó nà án lẹ́ẹ̀kejì, ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta, Fèrè sì jókòó níbẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà jẹ.

Tíṣà ránṣẹ́ sílé pé ọmọ ti ya ọ̀lẹ, pé ìwé tó ń kọ gbọọrọ tẹ́lẹ̀ ti ń rá kúrò lórí ìlà bí èèrà tó mutí, pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ láàárọ̀, ó ti fò lọ kó tó di ọ̀sán. Abẹ́rẹ́ ò bá tíṣà jà. Ó dojú bàtà ọmọ rẹ̀ délẹ̀. Ṣóńṣó ti lu, gìgísẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé kò kan ilẹ̀ rí. Ọkàn rẹ̀ já. Ọmọ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì.

Nígbà tí Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà àwọn ọmọdé, obìnrin kan tí àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ ti ya tó ń pa pátá-pàtà bó ṣe ń rìn, ya fọ́tò ọpọlọ Ẹtu, ó sì pe bàbá àti ìyá jókòó.

"Ṣé ẹ mọ wáyà iná?" ó ní. "Rọ́bà tó bò ó ni kì í jẹ́ kí iná ṣìnà. Nínú ọpọlọ gbogbo wa, apá funfun kan wà tó ń ṣe bíi rọ́bà yẹn. Nínú ti ọmọ yín, ó ń bọ́. Ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, iṣẹ́ náà ò dé mọ́. Bó bá yá, kò ní dé ọwọ́. Bó bá tún yá, kò ní dé ẹnu."

Ọkọ gbọ́ ọ, ó ronú sí i gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́. "Dókítà, nílé tiwa, ohun tó bá bọ́, a máa ń lẹ̀ ẹ́ padà. Kí lẹ fi ń lẹ̀ ẹ́?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Bàbá, èyí tó ti bọ́, a ò ní gọ́ọ̀mù rẹ̀."

"Ta ló wá ṣe é fún un?" ọkọ béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá. Bàbá gbé ìdajì, ìyá gbé ìdajì. Ìdajì nìkan kì í ṣe ẹni tó gbé e ní nǹkan kan. Ọmọ tó bá gba méjèèjì pọ̀ ni àrùn yìí ń mú. Ọwọ́ méjì ló ń di ẹrù yìí. Ṣé ó ní àbúrò?"

Abẹ́rẹ́ dìrọ̀ mọ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bíi pé ó fi atẹ́gùn ayé pamọ́ síbẹ̀.

"Ẹ tètè mú un wá," dókítà ní. "Ìtọ́jú wà fún ọmọ tí kò tíì hàn lára rẹ̀. Bó bá ti hàn báyìí, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ̀yin méjèèjì náà ẹ wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀. Bí bàbá ò bá wá, tí kò fọwọ́ sí i, ilé ìwòsàn ńlá ò ní gbà á."

Ẹ wá gbọ́ Fèrè nígbà tí wọ́n délé!

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ẹ̀jẹ̀ tiwa? Ẹ̀jẹ̀ ilé wa mọ́ ju omi òjò lọ! Ọmọ tèmi ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yìí ló wà lára rẹ̀? Kò ha wà lókè òkun pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tó ń ga bí òpó iná? Àbúrò mi, bí o bá na apá fún wọn, o ti jẹ́wọ́ nìyẹn! Ilé ìyá ìyàwó rẹ ni kí wọ́n ti lọ wá a!"

Ọmọ tó wà lókè òkun yìí, kò sẹ́ni tó rí fọ́tò rẹ̀ rí. Nígbà tó lọ, àbúrò Fèrè ṣì wà nílùú mìíràn tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó padà, wọ́n ní ọmọ ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Ta ló máa bi àkọ́bí ilé ní ẹlẹ́rìí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù, ó ní òun ń lọ fún dókítà ní ẹ̀jẹ̀. Ó dé pẹ̀lú òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́.

"Wọn ò rí nǹkan kan nínú tèmi," ó ní.

Dókítà ní ọwọ́ méjì ni, síbẹ̀ Abẹ́rẹ́ gbà á gbọ́. Ṣé èèyàn kì í gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ ni? Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ọmú tó fún àwọn ọmọ mu, ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun nìkan ni, òun lòun gbé ikú wọ ilé yìí. Ìdí nìyẹn tí kò fi lágbára láti jà lọ́jọ́ tí Fèrè já ọmọ gbà. Ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi, ọwọ́ rẹ̀ kì í le.

Àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, dókítà pè é lórí fóònù. "Ìyá Ẹtu, a ṣì ń retí bàbá o. Ó ní òun ń bọ̀, a ò rí i. Ọmọ kékeré náà dà? Àkókò ń lọ!"

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó kọjú sí ọkọ.

"Baba Ẹtu, ta ló gún yín lápá?"

"Báwo?"

"Òwú yẹn. Ta ló gún yín kó tó lẹ òwú mọ́ ọn?"

Ọkọ pọ́n ètè lá. "Kò sẹ́ni tó gún mi. Àǹtí ló fún mi ní òwú."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló ti bù sẹ́nu! Abẹ́rẹ́ ò pariwo.

"Ẹ wò mí, ẹ sì jẹ́ kí èmi nìkan máa ru ẹrù ẹni méjì."

"Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí," ọkọ ní, ó ń yára sọ ọ́ bí ẹni tó ń da omi ìdọ̀tí nù. "Àǹtí ti bá mi wá ẹnì kan, kí ilé má bàa parun. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Má bínú."

Ó ní kó má bínú! Bí ọkùnrin kan bá wó ilé lù ọ́ mọ́lẹ̀, á ṣì ní kí o má fọ́ fèrèsé!

Nígbà tó jáde, Abẹ́rẹ́ jókòó ti Ẹtu. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti tẹ̀ débi pé kò sí bàtà tó ń wọ̀ ọ́ mọ́, ẹsẹ̀ sì ń tutù. Ó ní òun á rán èyí tó rọ̀ fún un. Ó sọ igi ẹsẹ̀ Ẹtu kalẹ̀ lára ògiri, ó wọn ẹsẹ̀ ọmọ, ó gé awọ pélébé: ọ̀kan sí orí ẹsẹ̀ tó ti dìde bí ẹ̀yìn ológbò, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ ti yí wọlé, ọ̀kan sábẹ́ ìka. Awọ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun àpótí, ó nawọ́ sẹ́yìn àwọn awọ gbígbẹ tó so rọ̀ lókè tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì kan nǹkan líle.

Igi ẹsẹ̀ kan ni, igi ẹsẹ̀ ọmọdé, eruku bò ó bí ìbora. Abẹ́rẹ́ fi aṣọ nù ún. Awọ wà lára rẹ̀: ọ̀kan lórí ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ìka. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán. Bí ìbejì! Ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Oòrùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Fèrè bí láyé yìí.

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú igi méjèèjì lórí itan, bí ẹni gbọ́mọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó sáré lọ bá Fèrè nílé. Àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun nìkan bá gbé e lọ, iná ni igi náà yóò bá sùn. Ọ̀la, gbogbo ẹbí ń bọ̀. Ọ̀la, Fèrè á gbé Rọ̀bọ̀tọ̀ wá lẹ́yìn. Ó wé igi náà sínú aṣọ Ẹtu, ó sì dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ilé kún lọ́jọ́ kejì. Bàbá Kékeré, àbúrò baba àgbà, fi ọ̀pá tilẹ̀ jókòó. Ìyàwó tuntun tí Fèrè mú wá, obìnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì nígun òpópónà, ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ó kun èékánná ìka ẹsẹ̀ pupa yòò, bíi pé ó gba inú iná kọjá. Fèrè wà láàárín agbo, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á.

"Ìyàwó, dìde lórí àga yẹn," ó ní. "Ẹni tuntun fẹ́ jókòó."

Abẹ́rẹ́ dìde. "Mo ti dìde, Àǹtí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ti àtijọ́."

Ó gbé igi kan lé tábìlì. Kò! Ó gbé ìkejì tì í. Kò!

"Ti Ẹtu nìyí. Èmi ni mo kan awọ rẹ̀ lánàá. Ta ló ni igi ẹsẹ̀ yìí?"

Fèrè la ẹnu. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ohùn ò jáde! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Igi lásán ni!" ó ní níkẹyìn. "Ti oníbàárà kan ni!"

"Oníbàárà kì í ní oòrùn lábẹ́ gìgísẹ̀, Àǹtí."

"Wo ẹnu rẹ! Abẹ́rẹ́ lásán-làsàn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Ọkọ ti gbé igi náà. Ó fi àtàǹpàkò ra orí ìṣó ara awọ. "Bàbá ló kàn án. Bàbá nìkan ló máa ń tẹ orí ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ báyìí. Àǹtí mi, ẹ ní ọmọ yín wà lókè òkun."

"Ó wà níbẹ̀! Ó ń kàwé níbẹ̀! Bí mo bá purọ́, kí ilẹ̀..."

"Má búra!" Bàbá Kékeré fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Má fẹnu rẹ pe ohun tó ń wá ọ! Mo ń rí ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, tó máa ń ki bàtà kékeré bọ àpò, á ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́. Mo bi í pé ọ̀rẹ́ wo ló ń wọ bàtà tó tó ìka mẹ́ta? Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ibo ni ọ̀rẹ́ náà ń gbé?"

Lẹ́ẹ̀kan náà, Ẹtu tó wà lórí ẹní, tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: mmm, mmm, mmm, ohùn kan ṣoṣo, bí oyin tó há sínú ìgò.

Fèrè yíjú sí i. Ojú rẹ̀ wó lulẹ̀ bí ilé ọjọ́ pípẹ́.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó ní. "Ohùn yẹn náà ni."

Ó jókòó sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́. Ọmọ òun ò lọ òkè òkun. Ilé àdádó kan lẹ́yìn ìlú ló wà, níbi tí òun fi í pamọ́ sí kí ayé má bàa rí i. Òun lé bàbá rẹ̀ lọ, òun ní ìyá ọkùnrin náà ló ń jẹ ọmọ òun. Baba àgbà ń rán bàtà fún un títí, ó ń bẹ òun pé kí òun sọ̀rọ̀. Òun ní bí òun bá sọ ọ́, ta ló máa fẹ́ ọmọ ilé àwọn? Ọdún mẹ́sàn-án lọmọ náà lò láyé. Ilẹ̀ ni òkè òkun rẹ̀.

"Ọjọ́ tí Ẹtu kọ́kọ́ ṣubú," Abẹ́rẹ́ béèrè, "ẹ mọ̀, Àǹtí?"

"Mo ti mọ̀ kó tó ṣubú." Fèrè ò lè wò ó. "Mo rí bàtà rẹ̀."

"Ẹ rí bàtà rẹ̀! Ẹ jókòó níwájú wa, ẹ ń jẹ ẹ̀pà, bàbá rẹ̀ ń nà án nítorí bàtà, ẹ sì mọ̀!"

Ọkọ ké. Kì í ṣe igbe ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin. Ó dojúbolẹ̀ sẹ́bàá ẹní Ẹtu, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ẹsẹ̀ tó ti sọ òtítọ́ fún un tí ó fi bẹ́líìtì dá a lóhùn.

Ìyàwó tuntun ńkọ́? Ó ti fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ó fi ìkejì sílẹ̀, ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n ní títí di òní yìí kò tíì dúró. Bàtà kejì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí," Abẹ́rẹ́ ní, "ẹ sọ ọmọ mi kalẹ̀ lẹ́yìn yín."

Fèrè tú ọ̀já. Abẹ́rẹ́ gba ọmọ, ó gbé e sọ́mú níbẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ọkọ rá dé iwájú rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, dárí jì mí. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ ọmọ mi."

"Ẹ dìde. Kì í ṣe iwájú mi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wà. Ẹ lọ na apá yín fún dókítà. Kí wọ́n gún un lónìí."

Wọ́n gún un. Àbájáde dé: ìdajì wà lára rẹ̀, ìdajì wà lára Abẹ́rẹ́, Rọ̀bọ̀tọ̀ sì gba méjèèjì. Abẹ́rẹ́ fi orí gbá ògiri nígbà tó gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì hàn lára ọmọ náà. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí díẹ̀, ó ku bíńtín. Ọkọ bi dókítà bóyá Ẹtu náà ìbá rí ìtọ́jú gbà ká ní wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Dókítà tún bàtà rẹ̀ tó ya tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó ṣeé ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì jáde kúrò létí rẹ̀ dòní.

Abẹ́rẹ́ bá Rọ̀bọ̀tọ̀ lọ sílé ìwòsàn ńlá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Irun orí ọmọ náà re tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fà wọlé. Ọkọ dúró ti Ẹtu. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á gbé ọmọ náà pọ̀n, á dì í dáadáa, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bàbá tó sanra, tó ń lagùn, tó ń sáré gba iwájú ilé onílé kọjá bí akọ màlúù tó já okùn! Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọgbọ́n orí ṣúmẹ́kà ti dàrú. Nígbà tó yá, wọ́n ń kó àga kúrò lọ́nà fún un. Atẹ́gùn á fẹ́ sójú Ẹtu, ọmọ tí kò ríran mọ́, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, á sì ṣe ohùn kan tó sún mọ́ ẹ̀rín. Bàbá rẹ̀ sáré títí bàtà tirẹ̀ fi jẹ tán, ṣóńṣó, gìgísẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ń sáré bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn òun ò mí mọ́, ó ti wúwo ju bó ṣe máa ń wúwo lọ. Kò dúró. Ó sáré náà délé.

Fèrè ńkọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Bàbá Kékeré gba ipò àkọ́bí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é sí ìpàdé ẹbí mọ́. Ọkọ tó lé lọ gbọ́ ìròyìn, kò bú u, kò fi í ré, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́: "Wá fi ibi tí o sin ọmọ mi sí hàn mí." Ó lọ fi hàn án. Láti ìgbà tó ti ibẹ̀ dé, fèrè tó ń jí ajá òpópónà kẹta ò lè lé eṣinṣin kúrò ní imú ara rẹ̀. Nígbà mìíràn á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á máa wo ògiri, níbi tí Abẹ́rẹ́ so igi ẹsẹ̀ olóòrùn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ẹtu, lójútáyé, níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè rí i. Abẹ́rẹ́ kì í lé e. Kì í sì ní kó wọlé.

Rọ̀bọ̀tọ̀ bọ̀. Irun rẹ̀ hù padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún díẹ̀díẹ̀. Ó rìn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Abẹ́rẹ́ kì í dojú bàtà rẹ̀ délẹ̀, ọkàn rẹ̀ á wà lọ́fun kó tó wò ó. Ọmọ pé ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, ó kọjá ọdún náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ gbé bàtà ọmọ náà sókè lórí àga ìdí fèrèsé, ó sì lọgun pe ọkọ rẹ̀.

"Baba Ẹtu! Ẹ wá wò ó! Ó ti run ún!"

Ọkọ ju òòlù sílẹ̀, ó sáré wá, ẹ̀rù ti bò ó. Ó gba bàtà. Ṣóńṣó rẹ̀ dúró digbí. Gìgísẹ̀ ni ó jẹ, ó jẹ wọlé dé ibi ìṣó.

Ìyá mìíràn á ti gba ọmọ létí. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbá gìgísẹ̀ bàtà jíjẹ mọ́ àyà, wọ́n ń sunkún bí ẹni tí wọ́n bọ́ ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó ń fi ohùn tó jọ ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pariwo pé:

"Ẹ fún mi ní bàtà mi! Wọ́n ń dúró dè mí! Mo fẹ́ lọ sáré!"